Bí Ẹ̀yìnkùlé Bá Lọ, Ìkòkò Ń Bẹ

Nínú agbo ilé Yorùbá ti àtijọ́, kò sí ẹni tí ń ra efinrin. Bí ìyàwó ilé bá gbé ọbẹ̀ kaná, tí ó sì rántí pé òun kò tíì já ewé sí i, ohun tí yóò ṣe kò ju pé kí ó ké sí ọmọ tí ó bá wà nítòsí, kí ó ní, "Ìwọ, sáré dé ẹ̀yìnkùlé, já efinrin wá." Ọmọ náà yóò sáré lọ, yóò sáré bọ̀. Bí ó bá já ohun mìíràn wá, wọn yóò rán an padà. Bí ó bá tún ṣì í já, ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yóò gba ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ìka méjì rún un, yóò gbé e sí i nímú, yóò sì bi í pé ṣé bí efinrin ti ń rùn nìyẹn. Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ náà kò ní ṣi efinrin mọ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀yìnkùlé ayé ìgbà náà kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe oko. Ohun gbogbo ni ó ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi okùn wọn ilẹ̀. Ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà ni gbúre àti tẹ̀tẹ̀ ti máa ń ta yọ. Ẹ̀bá ògiri ni ewúro dúró sí, ó ń ṣe ọgbà fún onílé, ó sì ń ṣe ẹ̀fọ́ fún un. Orí àkìtàn ni ejìnrìn ń fà lé. Ìdí àmù, níbi tí ọ̀rinrin kì í tán, ni rinrin ń hù sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Odúndún àti àbámọdá ni wọ́n sábà máa ń dìídì gbìn, nítorí ọmọ ọwọ́ àti nítorí ìtura. Ewé méjèèjì nípọn, omi kún inú wọn, wọ́n sì máa ń tutù lọ́wọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan ni a já wọn. Aládùúgbò tí kò bá ní èyíkéyìí nínú ewé wọ̀nyí yóò wá tọrọ. Àbùkù ni kí ènìyàn ta efinrin fún ẹni tí ó bá a pín ògiri.

Irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ ní àwọn ìlú ńlá. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo, ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ rà lónìí kò fẹ́ kí ìbú ẹsẹ̀ kan ṣòfò nínú rẹ̀. Bí ilé bá gba ìdajì, síméńtì ni wọn yóò dà sí ìdajì kejì, kí ẹrẹ̀ má baà wọlé, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì lè rí ibi dúró. Ayálégbé ńkọ́? Ẹni tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, kí ni yóò pè ní ẹ̀yìnkùlé? Kò yẹ kí a dá onílé lẹ́bi púpọ̀ nítorí èyí. Ẹrẹ̀ àti ejò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe àárò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí síméńtì bò mọ́lẹ̀ ju ewé lọ. Ewé kò tíì wọ́n. Efinrin àti ewúro kún ọjà Bódìjà, wọ́n kún ọjà Máìlì Tùẹ́lù, owó ni wọ́n gbà. Orúkọ ni ó ń lọ. Ọmọ tí kò rí ewé rí lórí igi rẹ̀, tí ó jẹ́ pé inú ọ̀rá ni ó ti ń rí i nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ti ọjà dé, kò ní ohun tí yóò mú un mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lónìí, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, yóò pe efinrin ní "sẹ́ǹtì líìfù", yóò pe ewúro ní "bítà líìfù". Bí a bá sì bi í léèrè rinrin, ojú ẹni tí ó bi í ni yóò máa wò. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni Yorùbá rẹ̀ dúró sí, nítorí kò sí ẹni tí ó rán an kọjá ibẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ orúkọ ewé ní èdè Yorùbá kì í ṣe orúkọ lásán. Ẹni tí ó bá gbọ́ amúnútutù ti gbọ́ iṣẹ́ tí àwọn àgbà rán ewé náà: kí ó mú inú tutù. Patanmọ́ ń pa itan rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ bá ti kàn án. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò olùkọ́ lórí orúkọ náà mọ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sì fún ní orúkọ Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú ìmọ̀ yìí jọ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ìwé kékeré rẹ̀ lórí àwọn ewé Ọ̀sanyìn jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1967. Ìwé ńlá tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Ewé jáde ní Brazil ní 1995, ní ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó fara pamọ́ sínú orúkọ ewé ni ó sábà máa ń jáde nínú ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Orúkọ ni ó ń rántí iṣẹ́. Bí orúkọ bá sọnù, koríko lásán ni ó ṣẹ́kù sọ́wọ́ ẹni tí ó já ewé náà.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò jẹ́ kí orúkọ náà sọnù. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, nínú àwọn ilé òrìṣà Candomblé, "peregum" ni wọ́n ń pe pèrègún títí di òní, "acocô" ni wọ́n ń pe akòko, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé bí kò bá sí ewé, kò sí òrìṣà. Ní Cuba, Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ó mọ ewé jọ sínú ìwé rẹ̀, El Monte, tí ó jáde ní Havana ní 1954. Wọ́n gba orúkọ àbísọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yẹn, wọ́n gba ilẹ̀ baba wọn, wọ́n sì sọ wọ́n ní orúkọ ẹni tí ó rà wọ́n. Orúkọ ewé kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí ewé náà gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ wọn: lójoojúmọ́ ni wọ́n ń já a, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fi í wẹ̀. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ọmọ Salvador bá dé Ìbàdàn, tí ó béèrè akòko, tí ọmọ Ìbàdàn sì ní kí ó dúró kí òun lọ wádìí.

Ìkòkò ni ó lè gbà ẹ̀yìnkùlé là. Ìkòkò kan lójú fèrèsé, méjì ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mẹ́ta lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀ tí síméńtì gbà ti padà nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé ìwà òyìnbó ni kí ènìyàn máa gbin nǹkan sínú ìkòkò. Ohun tí ó fa èrò yìí kò ṣòro láti rí. Ní àdúgbò àwọn òyìnbó ìjọba àmúnisìn, òdòdó tí kò ṣe é jẹ, tí kò sì ṣe é fi wo ẹnikẹ́ni sàn, ni ó wà nínú ìkòkò níwájú ilé. Àwọn tí ó gba ilé náà lọ́wọ́ wọn tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀, ilẹ̀ àti omi, èwo ni àjèjì nínú wọn? Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìpetumodù àti ti Ìlọrin ti ń mọ ìkòkò kí òyìnbó kankan tó gbin òdòdó sí iwájú ilé ní ilẹ̀ yìí.

Àtakò tí ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lágbára ju èyí lọ. Wọ́n ní ewé tí a gbìn sínú ìkòkò kò ní agbára, pé ewé Ọ̀sanyìn kì í ṣe ohun ọ̀sìn, inú igbó ni a ti ń lọ bá a, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ rẹ̀ àti ìlànà rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni fún oníṣègùn. Ẹni tí ó bá ń wá èèpo igi ńlá tàbí egbò tí ó jìn sílẹ̀, kí ó máa lọ sí igbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ilé yàtọ̀ sí ewé igbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Efinrin tí a ń já sọ́bẹ̀, ewúro tí a ń fọ̀, odúndún tí a ń fún sí omi ìwẹ̀ ọmọ, ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni wọ igbó nítorí wọn? Ìtọ́jú ìyàwó ilé ni wọ́n ń gbà, omi ìdọ̀tí ilé ni wọ́n ń mu. Láti ẹ̀yìnkùlé dé inú ìkòkò kì í ṣe ìrìn àjò tí ó jìn.

Ìbẹ̀rù ni ó burú ju àtakò lọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò lónìí, bí ayálégbé bá gbé ìkòkò odúndún sí ẹnu ọ̀nà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọn yóò ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé oògùn ni ó ń ṣe. Wọ́n ti hú pèrègún kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé nítorí pé ẹni kan ní ẹ̀mí òkùnkùn ń bẹ nídìí rẹ̀. Pèrègún kan náà yìí ni àwọn àgbà fi ń pààlà ilẹ̀, kí ọmọ ìyá méjì má baà ja ìjà ààlà; bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀ pé òun ni ó wà nínú ìkòkò dídán níbi tí wọ́n ti ń dúró gba owó ní báǹkì. Ewé rẹ̀ gùn, ilà pupa rẹ́súrẹ́sú kan gba àárín rẹ̀ kọjá nítorí pé wọ́n ti ṣa irú tí ó ní àwọ̀, ṣùgbọ́n pèrègún ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York, inú yàrá ìgbàlejò ni wọ́n ń gbìn ín sí, nítorí pé kò nílò oòrùn púpọ̀. Ẹni tí ó hú u nílé tí ó lọ fi owó ra á padà lọ́wọ́ olódòdó, tí wọ́n fi orúkọ mìíràn pè é fún un, kí ni a ó ti wí sí i? Àìmọ orúkọ ni ó fà á. Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani.

Ìtọ́jú ewé inú ìkòkò ní ọgbọ́n tirẹ̀, kò sì dà bí ti ẹ̀yìnkùlé tí òjò àti àkìtàn ń bá ènìyàn ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìkòkò amọ̀ ni ó dára jù fún ẹni tí ó bá rí i rà. Ohun tí ó ń mú kí omi àmù tutù náà ni ó mú un dára: amọ̀ ń mí, omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, gbòǹgbò kì í gbóná nínú rẹ̀. Nítorí èyí kan náà ni ó fi ń tètè gbẹ, ẹni tí ó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín ju ẹni tí ó lo ike lọ. Ike ọ̀dà tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, garawa àtijọ́, abọ́ ńlá tí ó ti lu, gbogbo rẹ̀ ni ó ṣe é lò. Ihò ìdí nìkan ni kò ṣe é gbójú fò. Ìkòkò tí kò ní ihò nídìí ń pa ewé ju ọ̀dá lọ, nítorí omi yóò dúró, gbòǹgbò yóò sì rà. Ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó, kí a sì fi àpáàdì bò wọ́n lórí kí ilẹ̀ má baà bá omi ṣàn jáde.

Ilẹ̀ dúdú tí ìdọ̀tí rẹ̀ ti jẹrà tán, tí a po iyanrìn díẹ̀ mọ́, ni ewé wọ̀nyí fẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́, bí ó bá ti pẹ́ nílẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò bí iná, pàápàá ti adìẹ.

Efinrin ni kí olùbẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Èso rẹ̀ kéré púpọ̀, orí ilẹ̀ ni a ń fọ́n ọn sí, a kò sì gbọ́dọ̀ bò ó jìn. Ẹ̀ka rẹ̀ yá ju èso lọ: kí a gé èyí tí ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àti ìka, kí a já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, kí a fi í gún ilẹ̀ ọ̀rinrin, kí a sì gbé e sí ibòòji títí yóò fi mú. Nígbà tí ó bá mú, oòrùn ni ó fẹ́, ó kéré tán ìdajì ọjọ́. Efinrin kì í fẹ́ ahun. Bí a bá ṣe ń ṣẹ́ ẹ lórí ni ó ṣe ń pẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ ni kí a máa ṣọ́. Bí ó bá ti fẹ́ tanná, kí a ké e kúrò, nítorí bí ó bá so tán, ewé rẹ̀ yóò kéré, igi rẹ̀ yóò sì le. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Abáyọ̀mí Ṣófowórà wà lára wọn, tẹ ìwádìí wọn lórí ewé yìí jáde ní 1969, wọ́n sì fi hàn pé òróró inú rẹ̀ ń pa irú àwọn kòkòrò àìfojúrí kan nínú ilé àyẹ̀wò. Ìyá àgbà tí ó ń fi í sínú ẹ̀kọ gbígbóná fún ẹni tí inú ń run kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu.

Ewúro fẹ́ di igi, ìkòkò ńlá ni ó tọ́ sí i. Ẹ̀ka tí ó ti le díẹ̀ ni a ń gé, tí a ń fi gún ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kì í sì í pẹ́ yọ ewé. Kí ọ̀bẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù; ewé tuntun tí ó yọ lẹ́yìn ọ̀bẹ ni ó rọ̀ jù fún ọbẹ̀. Koríko ọba kò ní wàhálà púpọ̀, àyàfi pé ó ń bí ọmọ títí yóò fi kún ìkòkò fọ́fọ́, tí ìkòkò yóò sì fẹ́ẹ́ là. Kí a tú u lọ́dọọdún, kí a pín in fún aládùúgbò. Etí ewé rẹ̀ mú, kí a má ṣe gbé e sí ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà kọjá.

Àbámọdá ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní. Kò nílò èso, kò nílò ẹ̀ka. Ewé kan ṣoṣo tí a bá tẹ́ sórí ilẹ̀ ọ̀rinrin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ ní etí rẹ̀ káàkiri, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀ àti ewé méjì tirẹ̀, títí ìyá yóò fi gbẹ dànù lábẹ́ wọn. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Erékùṣù Madagascar ni ó ti ṣẹ̀ wá, bí koríko ọba ti wá láti ìhà Éṣíà, bí àgbàdo ti wá láti Amẹ́ríkà. Àlejò ni wọ́n, àwọn àgbà sì ṣe wọ́n lálejò: wọ́n fún wọn ní orúkọ, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé àṣà Yorùbá jẹ́ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pa, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àbámọdá. Odúndún jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, ìwà wọn sì jọra: omi díẹ̀ tó wọn, nítorí wọ́n ti pọn omi tiwọn sínú ewé. Ẹni tí ó bá ń rin wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ ni yóò pa wọ́n. Rinrin yàtọ̀ pátápátá. Ibòòji àti ọ̀rinrin ni ó fẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ìdí ìkòkò ewé mìíràn ni yóò ti yọ láìròtẹ́lẹ̀. Kí a má ṣe rò pé èpò ni kí a wá hú u. Bí a bá fẹ́ lò ó, kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbó, kí ó lè fọ́n èso rẹ̀ ká.

Ní ti omi, ìka ni òṣùwọ̀n. Kí a ki ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò. Bí ó bá gbẹ dé oríkèé àkọ́kọ́, kí a bomi rin ín, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà ọyẹ́, efinrin lè béèrè omi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà òjò, ó lè má béèrè rárá. Àwo tí a gbé sábẹ́ ìkòkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Omi tí ó bá dúró sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ti di ilé ìtọ́jú ọmọ ẹ̀fọn, yóò sì jẹ́ ohun ẹ̀rín pé ẹni tí ó gbin efinrin kí ẹ̀fọn lè sá ni ó ń sin ẹ̀fọn nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí a máa dà á nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó so ìkòkò rẹ̀ mọ́ irin dáadáa. Orí ènìyàn ń bẹ nísàlẹ̀.

Èrè kan wà tí kì í sọ nǹkan fún ojú. Ẹ̀fọ́ púpọ̀ ni wọ́n ń gbìn sí etí gọ́tà àti ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ ní ìlú ńlá lónìí, tí omi ẹ̀gbin sì ni wọ́n ń fi rin ín. Ewé kò lè sọ ohun tí ó mu fún ẹni tí ó rà á. Ẹni tí ó gbìn ín sínú ìkòkò ara rẹ̀ mọ ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, ó sì mọ omi tí ó bu sí i.

Ṣùgbọ́n ìkòkò kì í ṣe ilé ìwòsàn. Àṣà kan tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ ni ti fífún omi àbámọdá sí ìdodo ọmọ tuntun. Àwọn agbẹ̀bí ti kìlọ̀ tipẹ́ pé kí ohunkóhun má ṣe kan ojú ìwọ́ ọmọ bí kò ṣe ohun tí ilé ìwòsàn bá fún ìyá rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí tí ojú kò rí lè gba ibẹ̀ wọlé sí ọmọ náà lára. Bí ibà bá mú ọmọ tí kò lọ, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Aboyún kò gbọdọ̀ mu àgbo ewé kankan láìsọ fún àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Làpálàpá pàápàá, tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ọgbà, kò yẹ nínú ìkòkò níbi tí ọmọdé wà; èso rẹ̀ dùn ún wò, májèlé sì ni. Àwọn àgbà tí ó mọ ewé mọ ibi tí agbára ewé pin sí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń fi efinrin wo gbogbo àrùn lórí rédíò.

Iṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì rí i pé ó ṣe é ṣe. Lónìí, inú ìwé ni ọmọ ti ń kọ́ orúkọ ewé sórí fún ìdánwò, tí yóò kọ "odúndún" pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, tí yóò gba máàkì, tí yóò sì kọjá lára odúndún lọ́nà ilé láìkí i. Olùkọ́ Yorùbá tí ó bá to ìkòkò mẹ́fà sójú fèrèsé kíláàsì, tí ó lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sáà kìíní, tí ó sì yọ orúkọ náà kúrò ní sáà kejì, ti rí ìdánwò tí ó dára ju ti orí pátákó lọ: "Ìwọ, lọ já rinrin wá." Owó rẹ̀ kò ju ti ike ọ̀dà tí wọ́n ti lò tán lọ. Bí ọlidé bá dé, kí ọmọ mẹ́fà gbé ìkòkò mẹ́fà lọ sílé, kí wọ́n máa bomi rin ín. Ọmọ tí tirẹ̀ bá kú kò ní jẹgba. Kí ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó tọrọ ẹ̀ka mìíràn bọ̀, kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń pè é ní abúlé tiwọn, nítorí ó lè má jẹ́ orúkọ tí ó wà nínú ìwé.